Orin Etí Odò Kì Í Ṣe Tèmi

Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹwàá, 1982

Fíìmù wa jáde lónìí. Ìran ọ̀sán, aago mẹ́ta. Gbọ̀ngàn sinimá Abẹ́òkúta kún débi pé àwọn kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀.

Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, bébà kékeré lọ́wọ́ mi. Orin mọ́kànlá ni mo kọ sínú fíìmù yìí — oṣù mẹ́jọ, fèrè mẹ́ta, jìtá méjì, dùùrù kan tí a yá. Mo fẹ́ mọ èyí tí yóò wọ àwọn èèyàn lára. Mo ń sàmì sí i: ibi tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́, ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, ibi tí wọ́n ti ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìjà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹṣin. Orin mi wà nídìí méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹṣin ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Nígbà tó kan etí odò — ibi tí obìnrin yẹn ti ń dúró de ọkọ rẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi dé láìgbé ọkùnrin náà wá — gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dáwọ́ dúró. Kò sí fèrè níbẹ̀. Kò sí jìtá. Ohùn obìnrin kan ṣoṣo ni, tó ń fi imú kọrin, kò la ẹnu, kò pe ọ̀rọ̀ kan. Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Nígbà tí fíìmù parí, orin mọ́kànlá mi kò bá ẹnikẹ́ni jáde. Èyí tí kì í ṣe tèmi ni wọ́n ń kùn lọ títí dé òpópó.

Kí n kọ bó ṣe débẹ̀, kí n má baà parọ́ fún ara mi. Oṣù Kejì ni, ní abúlé kan lẹ́yìn Papalanto, níbi tí a ti ya ìran etí odò. Obìnrin kan ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi, nítòsí ibi tí Tòkunbọ̀ to ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀ sí. Ọ̀ṣunníkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ó ń fi imú kọrin sí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Tòkunbọ̀ — etí ni gbogbo ara ọkùnrin yẹn — ó tọrọ àyè, obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó mi orí pé kò burú, Tòkunbọ̀ tẹ ẹ̀rọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a dé Èkó tí a ń so orin mọ́ àwòrán, Ọ̀gá gbé èyí tí mo kọ fún etí odò sọnù, ó fi ti ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ sí i. Ó ní, "Láwàlì, má bínú. Fèrè rẹ ń sunkún ṣáájú obìnrin náà."

Ọ̀gá yìí ni Adétáyọ̀, ẹni tó ni fíìmù. Awò dúdú kì í kúrò lójú rẹ̀, ì báà ṣe inú òkùnkùn. Nínú ìwé yìí, Aláwò ni mo ń pè é. Obìnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ náà — Onímú. Ó tó bẹ́ẹ̀ fún un.


Àìkú, 10 Oṣù Kẹwàá

Bùsírátù ìyàwó mi ń kùn ún nídìí àdògán. Kò mọ̀ pé mo wà lẹ́nu ọ̀nà.


Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹwàá

Mo yà ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá ní Kẹ́mta. Ogójì ọdún ni Bàbá ti ń ta aṣọ níbẹ̀, baba tirẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Láti ìgbà tí mo ti mú fèrè, kò wá gbọ́ mi rí. Ohun tó máa ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ Mùsùlùmí tí wọ́n bí sídìí òwò kì í fọn fèrè kiri ìlú.

Lónìí, ó ń ká aṣọ, ó ń kùn. Ohùn etí odò. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló gbé e wá, ó ti mú un lẹ́nu wọn, kò mọ̀ pàápàá pé òun mú un. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

Ó ní, "Èyí tí ẹ fi sí sinimá yẹn nìyí, àbí?"

Mo ní, "Òun ni, Bàbá."

Ó ní, "Ó dùn. Kò ní ariwo."

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo ti ń retí kí ẹnu Bàbá yìn mí. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."

N kò parọ́. Ó ní ó dùn, mo ní ẹ ṣé. Níbo ni irọ́ wà níbẹ̀?

Mo mọ ibi tó wà.


Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹwàá

Mo tún lọ sí ìran ọ̀sán. Kì í ṣe nítorí fíìmù — nítorí àwọn tó ń wò ó. Ọlọ́pàá kan wà níwájú mi. Nígbà tí ohùn Onímú bẹ̀rẹ̀, ó ṣí fìlà. Obìnrin kan, ó sanra, ọrùn rẹ̀ kún fún iyùn, ó di ojú. Èèyàn wá wòran, ó sì di ojú!

Mo kọ orin náà sílẹ̀ lórí orúnkún mi: d – m – r – d – l. Ohùn márùn-ún péré. Ó gòkè díẹ̀, ó ń bọ̀ wálé, o rò pé ó ti dé — ó tún sọ̀ kalẹ̀, ó dúró síbi tí kò sí ilé kankan. Ó mí síbi tí kò yẹ kó mí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá kọ irú rẹ̀, màá fa ìlà pupa sí i.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Harriet. Òun ló kọ́ mi bí a ti ń ka orin, lórí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, láìjẹ́ kí Bàbá gbọ́. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin báyìí, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò tíì gbàgbé. Mo gbé orin méjì síwájú rẹ̀, tèmi àti ti Onímú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ òótọ́ fún mi.

Ó tẹ tèmi. Ó ní ó dára, kò sí àbùkù kan níbẹ̀. Ó tẹ ti èkejì. Ó gbọ́wọ́ kúrò, ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Tìrẹ ń sọ fún mi pé kí n káàánú obìnrin inú fíìmù. Mo sì ń káàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí — mo rántí ọjọ́ kan tí mo dúró ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Láfẹ́ńwá, láti àárọ̀ títí wọ́n fi ti géètì. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé kí n rántí rẹ̀."

Gbogbo ọdún tí mo fi mọ̀ ọ́n, n kò mọ̀ pé Ìyá Harriet dúró de ẹnikẹ́ni rí. Mo béèrè ẹni náà. Ó pa dùùrù dé.


Jímọ̀, 15 Oṣù Kẹwàá

Ìdí rẹ̀ lè jẹ́ pé kò lọ́rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wà nínú orin, ọ̀rọ̀ olórin ni. Bí kò bá sí, olúkúlùkù á ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́ — ọlọ́pàá, oníyùn, Ìyá Harriet. Bàbá ki kí ni bọ̀ ọ́? Bùsírátù ńkọ́? Èyí ni kò jẹ́ kí n sinmi. Kí ni ìyàwó mi ń rò nígbà tó ń kùn ún?


Ajé, 18 Oṣù Kẹwàá

Aláwò ránṣẹ́ pè mí. Ó ti ń múra fíìmù tuntun. Ó ń rìn ká yàrá. Ó ní ohun tó kọ́ nínú èyí ni pé èèyàn lè gbàgbé fíìmù, ṣùgbọ́n bí ohùn kan bá ti bá a délé, fíìmù náà ti di ti ẹbí rẹ̀. Ó ní ohùn obìnrin Papalanto ni òun fẹ́ fi kọ́ fíìmù tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo ní, "Kí ni ẹ fẹ́ kí èmi ṣe, Ọ̀gá?"

Ó ní, "Ìwọ ni wàá lọ mú un wá. Ìwọ nìkan ló máa ń bá sọ̀rọ̀."

Òótọ́ ni. Akólòlò ni Onímú. Ọ̀rọ̀ máa ń há a lọ́fun, ojú rẹ̀ á le, ọrùn rẹ̀ á yọ iṣan. Gbogbo àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ ló máa ń bá a parí ọ̀rọ̀ — inú rere ni, àbí ìkánjú. Èmi nìkan ni mo máa ń dúró dè é. Kì í ṣe pé mo dára ju wọn lọ. Ẹni tó ń fọn fèrè mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ náà ní iye tirẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gé e kúrú.

Kí n lọ fẹsẹ̀ ara mi mú ẹni tí yóò gba iṣẹ́ mi wá. Mo ní, "Ó dáa, Ọ̀gá."


Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kẹwàá

Papalanto. Eruku ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì bo gbogbo ewé ẹ̀bá títì, bí ẹni pé igbó náà hu ewú. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo fẹsẹ̀ rìn tó wákàtí kan wọ abúlé.

Ó rí mi lókèèrè. Ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ìkòkò omi Ọ̀ṣun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fi ewé tútù bò ó. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó dìde, ó fẹ́ kí mi — "Ẹ k... ẹ k..." — mo dúró. Ó jáde wàyí: "Ẹ káàbọ̀ o, ọ̀gbẹ́ni onífèrè!" Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ó fún mi ní ẹ̀bà àti ẹja odò. Ó béèrè ara mi, ara ìyàwó mi, ọmọbìnrin mi Sìlífátù tí mo dárúkọ fún un lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí a ń ya fíìmù — kò gbàgbé. Lẹ́yìn náà ló béèrè, ó pẹ́ kí ó tó bọ́ sẹ́nu: "F-fíìmù yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti jáde?"

Iṣẹ́ tí Aláwò rán mi wà lórí ahọ́n mi. Ó ku kí n la ẹnu. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, omi ẹ̀gẹ́ ti sọ èékánná rẹ̀ di dúdú. Mo ń rò ó pé: obìnrin yìí kò wá nǹkan kan. Kò ka orin rí. Kò jí ní ìdájí rí kó kọ ọgbọ̀n ojú ìwé, kó sì fa gbogbo rẹ̀ ya. Ẹ̀gẹ́ ló kàn ń bó. Ohun tí mo fi ogún ọdún lé, òun bá a nínú èèpo ẹ̀gẹ́.

Mo ní, "Kò tíì jáde."

Ó ní kò burú. Ó ní bó bá jáde, kí n má ṣe gbàgbé òun. Ó di gààrí fún Bùsírátù. Mo gbà á. Mo dúpẹ́.

N kò tíì dé ẹ̀yìn ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Òmíràn ni — tuntun — n kò gbọ́ ọ rí. Mo dúró sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí olè, títí ó fi parí. Ó dùn ju ti fíìmù lọ.

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó ṣe mí bíi kí n sọ òkúta.


Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ fún Aláwò pé Onímú ní òun kò wá. Mo ní ọkọ rẹ̀ kò gbà. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà. Irọ́ náà rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ.


Jímọ̀, 22 Oṣù Kẹwàá

Mọ́ṣáláṣí. Lémọ́ọ̀mù wàásù lórí ahọ́n. Ẹní ni mo ń wò.


Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kọkànlá

Aláwò ní bí obìnrin Papalanto kò bá wá, kí n wá ẹlòmíràn. Mo mú Títílọlá wá — ọmọ tó mọ orin kọ, ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi àmù. Mo kọ orin ohùn márùn-ún fún un, kò lọ́rọ̀. Mo mú kó sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ti Onímú ti sọ̀. Mo mú kó mí níbi tí kò yẹ. Mo kọ mímí náà sínú ìwé!

Títílọlá kọ ọ́ láìṣì. Aláwò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ó dára." Ẹni tó bá mọ Aláwò mọ̀ pé ohun tó bá pè ní "ó dára" ti kú.

Nígbà tí a ń lọ sílé, Títílọlá bi mí: "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, kí ló yẹ kí n máa rò nígbà tí mo bá ń kọ ọ́?"

Mo yí ọ̀rọ̀ sí owó ọkọ̀. Nígbà tí mo ń kọ ọ́, Onímú ni mo ń rò.


Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kọkànlá

Tòkunbọ̀ ní ó ya òun lẹ́nu. Ó ní obìnrin tó fi ẹ̀rín gbà kí òun gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ṣé òun náà ló kọ̀? Ó ní òun máa yà ní Papalanto bí òun bá ń ti Èkó bọ̀. Ó sì ń wò mí. Bí okùn jìtá bá rọ̀ díẹ̀, Tòkunbọ̀ á gbọ́ ọ. Mo rò pé bó ṣe ń gbọ́ irọ́ náà nìyẹn.

Mo ní kó lọ. Kí ni mo tún lè sọ?


Ajé, 8 Oṣù Kọkànlá

Orí ń fọ́ mi. N kò kọ orin kankan. Bùsírátù kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta lónìí — mo kà á.


Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kọkànlá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ lẹ́yìn ìrun Àílà. Mo gbọ́ ẹ̀rín Bùsírátù láti ìta. Mo wọlé. Ọ̀ṣunníkẹ́ ló jókòó sórí ẹní nínú pálọ̀ mi, àwo oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, Sìlífátù fẹ̀yìn tì í.

Bùsírátù fò dìde. "Bàbá Sìlífátù, ẹ wá wo àlejò yín! Òun ló ni ohùn etí odò! Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ kò sì sọ fún mi!"

Kì í ṣe Tòkunbọ̀ ló sọ fún un. Awakọ̀ kan tó máa ń kó sìmẹ́ńtì, tó sì máa ń ra gààrí lọ́wọ́ rẹ̀, ló wo fíìmù ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ó dá ohùn náà mọ̀. Ó yà sí abúlé, ó sọ fún un, ó sì gbé e wá sí Abẹ́òkúta lónìí. Kò mọ ibi tí gbọ̀ngàn wà, kò mọ ilé Aláwò. Ó ń béèrè ọ̀gbẹ́ni onífèrè kiri Kẹ́mta títí wọ́n fi júwe ilé mi. Èmi ló wá bá. Ó rò pé inú mi yóò dùn.

Ó sì rò pé ọ̀sẹ̀ yìí ni fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Àwa mẹ́ta la lọ sí ìran aago mẹ́ta. Ó di ọwọ́ Bùsírátù mú nínú òkùnkùn. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí odò wọn, ó rí igi rẹ̀, ó ń nàka. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n báyìí. Wọ́n ń bá a kùn ún. Gbogbo ilé — ọkùnrin, obìnrin, àwọn tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀ṣunníkẹ́ kò wo aṣọ funfun mọ́. Ó yí padà, ó ń wo àwọn èèyàn. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu ara rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ dájú pé ẹnu òun wà ní pípadé.

Mo ń wò ó. Mo fẹ́ ohun tó wà lójú rẹ̀ yẹn. N kò fẹ́ nǹkan kan ní ayé mi bí mo ṣe fẹ́ ẹ.

Nígbà tí a jáde, Bùsírátù kò lè mú un mọ́ra. Ó sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni yẹn sọ fún ẹlòmíràn. Kí a tó mọ̀, wọ́n ti yí wa ká. "Ìyá, ṣé ẹ̀yin ni?" "Ẹ kọ díẹ̀ fún wa!" Ó fẹ́ kí wọn. Ọ̀rọ̀ há. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá ọ̀rọ̀ náà.

Mo gbọ́ ohùn ara mi: "Ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán."

Wọ́n dúró. Ó pẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣ-ṣeun. Ẹ ṣeun púpọ̀." Wọ́n hó yèè.

Ó wá yíjú sí mi. Kò bínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀. "Ọjọ́ wo ló j-jáde?"

Kí n tó la ẹnu, ọkùnrin kan ti dá a lóhùn: "Ó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lónìí, Ìyá!"

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún," ni ó wí. Èyí kò há a lọ́fun rárá.

Bùsírátù wo ojú rẹ̀, ó wo ojú mi. Gààrí tí mo gbé ti ibẹ̀ bọ̀ ṣì wà nílé, kò tíì tán.


Àìkú, 14 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀ṣunníkẹ́ sùn sọ́dọ̀ wa. Ó bá Sìlífátù di irun.

Lẹ́yìn ìrun òwúrọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bùsírátù lẹ́yìnkùlé. Iṣẹ́ tí Ọ̀gá rán mi. Ohun tí mo sọ lábúlé. Ohun tí mo sọ nígbà tí mo dé. Ó ń gbálẹ̀, kò dáwọ́ dúró.

Ó ní, "Kí ló dé?"

Mo ní, "Nítorí tìẹ ni."

Ó dáwọ́ dúró. "Nítorí tèmi?"

Mo ní ọdún kọkànlá rèé tí a ti fẹ́ra. Mo ní gbogbo orin tí mo kọ, inú ilé yìí ni mo ti kọ ọ́, etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ. Mo ní kò kùn ọ̀kankan rí. Ọ̀kan ṣoṣo. Ó wá gbọ́ ti ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò jẹ́ kó sinmi mọ́. Ojú tì mí, mo sì ń sọ ọ́ lọ.

Ó gbé ọwọ̀ ti ògiri. Ó ní, "Mo kùn ọ̀kan rí, Bàbá Sìlífátù. Ẹ kò tíì fẹ́ mi sílé nígbà náà. Orin tí ẹ kọ fún ayẹyẹ ilé-ìwé. Mo ń pọn omi, mo ń kùn ún, inú mi ń dùn. Ẹ pè mí. Mo rò pé ẹ fẹ́ yìn mí. Ẹ ní ohùn kẹta kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú mi kọ ọ́ lẹ́ẹ̀meje, garawa wà lórí mi. Láti ọjọ́ náà, bí orin yín bá fẹ́ jáde lẹ́nu mi, ńṣe ni mo máa ń gbé e mì."

Ó ní, "Orin ìyá yìí — kò sí ẹni tó máa sọ fún mi pé mo ṣì í."

N kò rántí ọjọ́ yẹn. Mo ti ń gbìyànjú láti àárọ̀. Garawa. Omi. Ohùn kẹta. N kò rántí rárá.


Ajé, 15 Oṣù Kọkànlá

Mo mú Ọ̀ṣunníkẹ́ lọ sọ́dọ̀ Aláwò. Tòkunbọ̀ wà níbẹ̀. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn: òun kọ́ ló kọ̀, èmi ni n kò jíṣẹ́, kò ní ọkọ tó lè sọ pé òun kò gbà.

Aláwò yọ awò rẹ̀. N kò rí ojú rẹ̀ rí. Ó kéré, ó pọ́n, ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n jáde.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Tòkunbọ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé fún mi. Ó ní Aláwò bẹ Ọ̀ṣunníkẹ́, ó ní bó bá gbà, òun máa lé mi kúrò nínú iṣẹ́ náà lónìí. Ọ̀ṣunníkẹ́ fẹ́ dáhùn, ó há, Aláwò fẹ́ bá a parí rẹ̀ — obìnrin náà gbọ́wọ́ sókè, ó dá a dúró. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde, ohun tó sọ nìyí: "Ó p-parọ́ fún mi. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló máa ń jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán. Bí kò bá sí níbẹ̀, n kò kọ."

Aláwò gbà. Orúkọ Ọ̀ṣunníkẹ́ ni yóò kọ́kọ́ jáde nínú fíìmù tuntun, òun nìkan, lẹ́tà ńlá. Èmi kò ní kọ orin kankan. Abẹ́ ohùn rẹ̀ ni màá ti fọn fèrè.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀ṣunníkẹ́ lójú títì. Ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀. Ó tọ́ sí mi. Nígbà tó ní kí n dìde, mo rò pé inú mi yóò fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Ọkàn tó fi dárí jì mí yẹn, mo jowú rẹ̀ pẹ̀lú.


Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kọkànlá

Mo sọ fún Bàbá pé orin etí odò kì í ṣe tèmi. Ó ń wọn aṣọ fún oníbàárà, kò gbójú sókè. Ó ní òun mọ̀. Ó ní, "Ìwọ kì í dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀."


Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kọkànlá

Adìgbẹ́, ilé Tòkunbọ̀. Ó fi ẹní àti bùláńkẹ́ẹ̀tì bo gbogbo ògiri yàrá ẹ̀yìn, kí ariwo àdúgbò má baà wọlé. Ọ̀ṣunníkẹ́ ní bí kò bá sí ẹ̀gẹ́, ọwọ́ òun kò ní mọ ibi tó máa wà. Bùsírátù lọ rà á wá. Ọ̀ṣunníkẹ́ jókòó sórí àpótí, ọ̀bẹ lọ́wọ́, maikí lókè orí rẹ̀. Bùsírátù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di ẹ̀mí mú.

Orin tí mo gbọ́ láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fẹ́ kọ. Ọjọ́ mẹ́ta la ti fi dán an wò. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pátá, mo mọ gbogbo ibi tó ń gòkè àti ibi tó ń sọ̀, mo ti wá ohùn ìsàlẹ̀ tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Iṣẹ́ tó dára ni. Mo mọ̀ pé ó dára.

Tòkunbọ̀ tẹ ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀. Mo wọlé lábẹ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́. Ẹsẹ kìíní lọ bó ṣe yẹ.

Nínú ẹsẹ kejì, níbi tó ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ — kò sọ̀. Ó gòkè. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Fèrè mi àti ohùn rẹ̀ kọlu ara wọn, ó dún kíkan. Mo gbé fèrè kúrò lẹ́nu. Ọwọ́ mi ti wà lókè, mo ti fẹ́ dá a dúró, mo ti fẹ́ sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kí a tún un ṣe.

Tòkunbọ̀ ń wò mí. Bùsírátù ń wo ọwọ́ mi.

Ọ̀ṣunníkẹ́ kò wo ẹnikẹ́ni. Èèpo ẹ̀gẹ́ ń já bọ́ sílẹ̀. Ó ń lọ síwájú ni, ó ń gun òkè kan tí n kò kọ sínú ìwé, ó sì dùn, ó dùn, kì í ṣe tèmi, kò lè jẹ́ tèmi láéláé. Owú náà dé, ó gbá mi láyà bó ṣe ń gbá mi láti oṣù tó kọjá. Kò dín kù.

Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo ti ìwé orin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbé fèrè padà sẹ́nu, mo sì tẹ̀lé e.

N kò mọ ọ̀nà ibẹ̀.